Onígbàjámọ̀ Tó Kọ̀ Láti Fá Irùngbọ̀n Mi

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé olólùfẹ́ mi, ohun tó wò mí lójú sọ ni pé, "Abẹ tí ẹ ń lò yẹn kò mú mọ́. Ó ń ha yín lágbọ̀n."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an kò rẹ́rìn-ín. Ńṣe ni ọwọ́ méjèèjì mi fò lọ síbi àgbọ̀n kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe.

Iṣẹ́ eyín ni mò ń ṣe. Kì í ṣe pé mò ń yọ eyín o. Èmi ni mò ń ṣe eyín àtọwọ́dá fún àwọn tí tiwọn ti ká. Dókítà á fi àpẹẹrẹ ẹnu aláìsàn ránṣẹ́ sí wa, èmi á yọ́ ìda, màá to eyín sí i, màá sì fi ẹ̀rọ dán an títí yóò fi máa kọ mànà. Eruku iṣẹ́ náà pọ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi máa ń lo ìbòmú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kórìíra ìbòmú yẹn. Èmi nìkan ni mo fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé mo ní irùngbọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ ni, irùngbọ̀n gidi, tó dúdú, tó le, lábẹ́ àgbọ̀n àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láràárọ̀ ni mò ń ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ra, tí màá fá a wéréwéré. Ìyá mi nìkan ló mọ̀. Ohun tó sì máa ń sọ fún mi láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé kò yí padà: "Ọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ rí i."

Ọkùnrin wá rí i. Ọ̀dọ́kùnrin kan wọlé síbi iṣẹ́ wa lọ́jọ́ náà, ó di nǹkan kan sínú áńkáṣíìfù, ó tú u sórí tábìlì mi. Eyín àtọwọ́dá ni, ó ti kán sí méjì.

"Ti bàbá mi ni," ó ní. "Wọ́n jókòó lé e."

"Wọ́n jókòó lé eyín ara wọn?"

"Wọ́n ní ẹni tó gbé e sórí àga kò ní láárí. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń bú ẹni náà. Àwọn fúnra wọn ló sì gbé e síbẹ̀."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi. Mo rẹ́rìn-ín títí okùn ìbòmú mi fi já, ó sì jábọ́ sórí ìda tó wà níwájú mi. Ọkùnrin yìí wò mí, ló bá sọ̀rọ̀ abẹ.

"Ta ló sọ fún yín pé mò ń lo abẹ?"

"Onígbàjámọ̀ ni mí. Ẹ má bínú, iṣẹ́ ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Awọ ojú èèyàn ni mo máa ń kọ́kọ́ rí kí n tó rí ojú fúnra rẹ̀." Kò rẹ́rìn-ín, kò sì ṣe ojú àánú sí mi. "Gbígbẹ ni ẹ ń fá a, ẹ ò sì fi omi gbígbóná rọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀, kí n tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn oníbàárà. Kò sẹ́ni tó máa rí yín."

Mo sọ fún ara mi pé ó kúkú sàn kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà kéré, ó mọ́ tónítóní, ó ń ta sánsán fún ọṣẹ àti páúdà. Kí n tó jókòó, ó yí àga náà kúrò níwájú dígí. N kò bẹ̀ ẹ́ pé kó yí i. Ó fi táwẹ́lì gbígbóná bo ìsàlẹ̀ ojú mi, ó fi búrọ́ọ̀ṣì pa ọṣẹ sí i, ó sì fi ìka méjì gbé àgbọ̀n mi sókè jẹ́jẹ́. Láyé mi, kò sí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ibẹ̀ rí yàtọ̀ sí èmi. Omi bọ́ lójú mi.

"Mo gé yín?" Ó ta gìrì.

"Rárá. Ẹ máa bá a lọ."

Bí ìfẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹlòmíì á ní ibi ìgbéyàwó lòun ti pàdé tòun, tàbí nínú ọkọ̀. Èmi, abẹ́ abẹ ni. Mo ń lọ síbẹ̀ lemọ́lemọ́, "ẹ" di "o" láàárín wa, ó sì ń pè mí ní Eléyín. "Eléyín mi, gbórí sókè." "Eléyín mi, má sọ̀rọ̀, màá gé ọ." Bí mo bá délé, màá máa fọwọ́ pa àgbọ̀n mi tó ń dán, màá sì máa rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ọṣẹ kún ojú mi dé etí, ló bá dáwọ́ dúró.

"Mo fẹ́ kó o jẹ́ ìyàwó mi."

"Ọṣẹ wà lẹ́nu mi!"

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ báyìí nìyẹn. O ò ní lè dá mi lóhùn kíákíá, wàá ráyè rò ó."

Mo nu ọṣẹ nù, mo sì sọ fún un pé mo gbà. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún un. Nǹkan oṣù mi kì í wá déédéé. Nígbà tó bá wù ú ló máa ń wá. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, oṣù ti ń gorí oṣù tí n kò rí nǹkan kan. Bí mo bá sọ fún ìyá mi, wọ́n á ní bó ṣe máa ń ṣe àwọn kan nìyẹn, pé á wá bó bá yá. Bí kò bá wá ńkọ́? Ta ló fẹ́ fẹ́ obìnrin tó nírùngbọ̀n, tí kò sì ní lè bímọ?

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó, mo gbórí sókè bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó fọwọ́ kan ọrùn mi, lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Irun náà ti sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀, èmi náà ti kíyè sí i. Nígbà tó yá, ó pa abẹ dé, ó sì jù ú sínú dúrọ́ọ̀.

"N kò ní fá a mọ́," ó ní.

"Kí lo sọ?"

"Mo ní n kò ní fá a mọ́. Jọ̀ọ́."

Mo ní kó sọ fún mi, kí ni mo ṣe? Ó kàn ń wo ọrùn mi bí ẹni tó rí ohun ẹ̀rù. Mo gbé báàgì mi. Mo rin òpópónà náà láìfárun, pẹ̀lú ọwọ́ lágbọ̀n, láàárín àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́, ó sì dà bíi pé gbogbo ojú ayé ló ń wò mí.

Ìyá mi kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. "Ṣé mo sọ fún ọ àbí n kò sọ fún ọ? Ọkùnrin ni. Ó ti rí i jù, ó ti sú u."

Mo sunkún débi pé ojú mi wú. Níbi iṣẹ́, mo to eyín iwájú sí ẹ̀yìn, mo tún to ti ẹ̀yìn síwájú. Ọ̀gá wa gbé e sókè, ó ní, "Ta ló máa fi èyí jẹun?"

Ọkùnrin náà kúkú wá. Lásìkò ìsinmi ọ̀sán, mo bá a lẹ́nu géètì wa, irun orí tirẹ̀ pàápàá kò rí ìyarun. Mo fẹ́ yẹ̀ fún un, ó sì dí mi lọ́nà.

"Eléyín, èmi ni mo ṣe é," ó ní.

"Kí lo ṣe?"

"Irun yẹn. Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́, wọ́n sì sọ fún mi pé irun tí a bá ń fá, ńṣe ló máa ń le sí i, tó sì máa ń tàn kálẹ̀. Ọmọdékùnrin tí kò tíì hu irùngbọ̀n dáadáa, bàbá mi kì í fá a fún un. Nígbà tó o kọ́kọ́ wá, àgbọ̀n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ni. Wò ó báyìí, ó ti dé ọrùn. Èmi ni mò ń ba ojú rẹ jẹ́, mò ń fi ọwọ́ ara mi bà á jẹ́!"

Ẹnu yà mí, n kò lè pa á dé. Mo ti rò pé ó kọ̀ mí ni. Èmi tí mo ti ń kú lọ, ẹ̀bi abẹ ni ẹnì kan ń rù kiri!

"O ò wá lè sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?" Mo gbá a láyà. "O jẹ́ kí n rò pé mo rí ọ lára!"

"Rí mi lára? Ìwọ?" Òun náà wá ta gìrì. "Ọkàn mi, mi ò lè sùn."

Bí a ṣe dúró níbẹ̀, mo tú gbogbo rẹ̀ jáde. Mo sọ ti nǹkan oṣù, mo sọ ti ara tó ń sanra sí i, mo sọ ti rorẹ́ tí kò lọ láti ìgbà tí mo ti di ọ̀dọ́. Ó fetí sílẹ̀, ojú rẹ̀ là gbòò.

"Ṣé abẹ mi ló dá nǹkan oṣù náà dúró ni?" ó béèrè jẹ́jẹ́.

"Báwo ni abẹ ṣe máa dé ibẹ̀?"

"Èmi náà ò mọ̀." Ó ronú díẹ̀. "Jẹ́ ká lọ rí dókítà."

Obìnrin ni dókítà náà, kì í fi ọ̀rọ̀ tàfàlà. Ó béèrè oríṣiríṣi nǹkan, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó sì rán mi lọ síbi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú. Nígbà tí a padà wá gbọ́ èsì, olólùfẹ́ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Dókítà, ẹ má pa á mọ́ fún mi. Ṣé abẹ mi ló fà á?"

Dókítà yọ ìgò ojú rẹ̀. "Abẹ kẹ̀? Ìsàlẹ̀ awọ ni irun ti ń hù. Òkè ni abẹ ń gé. Bó bá ń hù padà, orí rẹ̀ tí a ti gé kò rọ̀ mọ́, á máa gún ọwọ́, ìyẹn ló fi ń ṣe èèyàn bíi pé ó le sí i. Ẹ máa fárun yín, ẹ yéé dá abẹ lẹ́bi."

Ẹnu onígbàjámọ̀ mi là sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀kọ́ bàbá rẹ̀ wó lulẹ̀ ní ìjókòó kan ṣoṣo. Ó yíjú sí mi, ó tún yíjú sí dókítà, kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín tàbí kóun sunkún.

Dókítà wá dojú kọ mí. Ó dárúkọ gígùn kan fún àìsàn náà, ó ní PCOS ni wọ́n gé e kúrú sí. "Gbogbo obìnrin ló ní díẹ̀ nínú họ́mónù tí a mọ̀ mọ́ ọkùnrin. Tìrẹ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Òun ló ń hu irun yẹn, òun ló ń fa rorẹ́, òun náà sì wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ẹyin rẹ gbó kó jáde lásìkò. Bí ẹyin kò bá jáde, nǹkan oṣù á dàrú." Ó fi bírò tọ́ka sí àwòrán náà. "Àwọn róbótó kéékèèké yìí, ilé ẹyin tí kò gbó ni. Kì í ṣe kókó burúkú."

"Kí ló wá ń mú họ́mónù náà pọ̀?"

"A ò tíì mọ gbogbo rẹ̀. Ohun kan tí a mọ̀ ni ínsúlìnì, tó ń bá ara lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ara ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àìsàn yìí kì í dá ínsúlìnì lóhùn dáadáa, torí náà ara á máa ṣe é lápọ̀jù, àpọ̀jù yẹn á sì máa ti ibi tí ẹyin ń gbé pé kó ṣe họ́mónù ọkùnrin sí i. Ó sì máa ń wà nínú ìdílé. Kì í ṣe ohun tó o ṣe, kì í sì í ṣe ohun tẹ́nì kan ṣe sí ọ."

Mo di tábìlì mú. "Ṣé mo lè bímọ?"

"Púpọ̀ wọn ló ń bímọ. Ó lè pẹ́, o sì lè nílò oògùn tó ń mú kí ẹyin jáde. N kò lè bá ọ ṣèlérí, àmọ́ má pe ara rẹ lágàn níwájú mi. Oṣù tí kò wá yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ohun tó ń nípọn nínú ilé ọmọ láìwá síta, bó bá pẹ́ jù, ó lè di jẹjẹrẹ. O ò bá ti wá tipẹ́."

Jẹjẹrẹ! Orí mi fò lọ. Gbogbo ọdún tí mo fi ń fi ìbòmú bo àgbọ̀n, ohun tó wà nísàlẹ̀ ló yẹ kí n máa bẹ̀rù. Dókítà rí i pé ẹ̀rù ti bà mí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Ó ní kò tíì pẹ́ jù. Ó fún mi ní oògùn tó máa mú nǹkan oṣù wá lásìkò, ó tún fún mi ní èyí tó máa bá ínsúlìnì ṣiṣẹ́. Ó ní kí n dín ohun dídùn kù, kí n máa rìn dáadáa, pé bí mo bá fọn díẹ̀ péré, ara á dáhùn, kí n sì máa yẹ ṣúgà mi wò. Ó ní kò sí oògùn tó ń lé e lọ pátápátá, pé títọ́jú là ń tọ́jú ẹ̀.

"Irun ńkọ́?" olólùfẹ́ mi béèrè.

"Oṣù á gorí oṣù kí oògùn tó mú un dín kù. Kó tó dìgbà yẹn, bó bá wù ú kó fá a, kó wá onígbàjámọ̀ gidi."

Lẹ́nu ọ̀nà, ó dì mọ́ mi níwájú gbogbo àwọn tó jókòó. "Eléyín mi, o gbọ́? Onígbàjámọ̀ gidi."

Bàbá rẹ̀ ló kù. Àwa méjì ti ṣe tán, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ wọ ilé ọkọ pẹ̀lú àṣírí. Nígbà tí ìdílé méjèèjì fẹ́ jókòó pọ̀ ní pálọ̀ wa, ìyá mi fà mí sí kọ̀rọ̀.

"Má sọ ọ́. Mo fi oore tí mo ṣe ọ́ bẹ̀ ọ́. Wọ́n á dìde, wọ́n á máa lọ."

Mo padà sí pálọ̀. Bàbá mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, bàbá rẹ̀ sì jókòó sórí àga tó tóbi jù, wọ́n fi eyín tí mo tún ṣe jẹ bisikíìtì wa, wọ́n sì ń yìn ín. Lójijì, wọ́n dojú kọ mí.

"Ìyàwó wa, mo gbọ́ pé ẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kò sí nǹkan o?"

"Ibà lásán ni," ìyá mi já a gbà.

"Kì í ṣe ibà, sà," mo ní. "Mo nírùngbọ̀n. Ọmọ yín ló ń bá mi fá a. Nǹkan oṣù mi kì í wá déédéé, ó sì ṣeé ṣe kó pẹ́ kí n tó bímọ. Mo ń lo oògùn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó pè mí ní ìyàwó."

Ife bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Bàbá arúgbó náà gbàgbé láti jẹ ohun tó wà lẹ́nu wọn.

"Irùngbọ̀n? Obìnrin?" Wọ́n wo ọmọ wọn. "O sì ń fá a! Ṣé mi ò kọ́ ọ pé á le sí i ni?"

"Bàbá, irọ́ ni ìyẹn. Dókítà ti sọ."

"Irọ́? Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọ dàgbà?" Wọ́n yíjú sí ìyá mi. "Ìyá ìyàwó, ẹ má bínú pé mò ń béèrè. Ṣé irú ẹ̀ wà nínú ìdílé yín?"

Mo rò pé ìyá mi á ní kò sí. Ńṣe ni wọ́n dìde.

"Ó wà. Èmi ni," ìyá mi ní.

Mo lérò pé n kò gbọ́ dáadáa. "Ìyá mi?"

"Kí n tó bí ọ ni mo ti ń fá tèmi. Mo sunkún ọmọ kí n tó rí ìwọ kan ṣoṣo yìí. Mo ń jí ní kùtùkùtù lójoojúmọ́ ayé mi, kí bàbá rẹ tó lajú." Wọ́n bojú. "Wọn ò mọ̀ títí dòní."

Gbogbo wa yíjú sí bàbá mi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, irùngbọ̀n tiwọn sì gùn dé àyà. Wọ́n rọra gbé ife wọn kalẹ̀.

"Mo mọ̀," bàbá mi ní.

"Ẹ mọ kí ni?"

"Ìyá wọn, abẹ tó máa ń wà lórí pákó balùwẹ̀, ta lo rò pé ó ń rà á?"

"Ẹ̀yin náà ni." Ohùn ìyá mi ti tín-ín-rín. "Mo rò pé èékánná lẹ fi ń gé. Mo máa ń jí ọ̀kan mú níbẹ̀."

"Èékánná!" Bàbá mi fọwọ́ di irùngbọ̀n ara wọn mú, wọ́n fi hàn wá. "Èmi tí abẹ kò kan ojú mi láti ìgbà tí mo ti gbé ọ níyàwó. Bí mo bá rí i pé ó ti ń tán, màá ra òmíràn sí i."

Ìyá mi ń wò wọ́n bí ẹni tí kò rí wọn rí.

"Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n máa sá kiri nínú ilé ara mi?"

"Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, ojú á tì ọ́, wàá sì kó lọ. Mi ò fẹ́ kó o lọ."

Ìyá mi gbá bàbá mi léjìká lẹ́ẹ̀mejì, ẹkún wá gbà wọ́n lẹ́nu. Bàbá mi fà wọ́n mọ́ra níwájú àlejò, ohun tí n kò rí rí láyé mi. Mo bú sẹ́kún. Mo wo onígbàjámọ̀ mi, mo sì dúpẹ́ pé ojúkojú lèmi àti òun ti ń wo ara wa láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Bàbá tirẹ̀ túnhùn ṣe. Wọ́n yọ eyín, wọ́n nu ojú, wọ́n tún gbé eyín padà sẹ́nu. "Ó dáa. Kí la tún ń bi ara wa? Ẹ dá ọjọ́ ìgbéyàwó fún wa jàre."

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni gbogbo wọn ń sọ nígbà tí ìyá mi fà mí láṣọ. Ojú wọn ti pọ́n, wọn kò sì jẹ́ kí ohùn wọn jáde.

"Dókítà yẹn," wọ́n ní, "ṣé ó máa ń rí àgbàlagbà bíi tèmi?"

"Ó máa ń rí wọn, Ìyá mi."

Kí n tó sọ ọjọ́ tó máa ń ṣiṣẹ́, bàbá mi ti dìde, wọ́n ti ń wá bàtà wọn lábẹ́ àga.